Háádì yín kọ́ ló ń falẹ̀, ẹnu géètì ni kẹ́ ẹ lọ wò

Ọ̀rọ̀ òṣèré kan tó kó ẹrù kúrò nílé ọkọ ni mo fẹ́ẹ́ kọ fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró, ọkọ náà ò tíì sá lọ. Ohun tójú mi rí l'Ájégúnlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni mo fẹ́ẹ́ sọ, torí ó ń ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ẹ kàn ń rò pé ayé ló ń ṣe yín ni.

Ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ni, kò jìnnà sí Boundary. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. NẸPA ti mú iná lọ látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń pariwo níta, epo inú rẹ̀ ò sì lè kọjá aago méje. Lórí tábìlì, láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ń kó fídíò ìsìnkú sínú háádì tuntun. Ìsìnkú ọjọ́ méjì, kámẹ́rà mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 400 GB. Lẹ́nu ọ̀nà, màmá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. London ló ti wá sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, òru ọjọ́ náà ló máa wọ bàálù padà, mọ́tò tó máa gbé e lọ sí Ìkẹjà sì ti ń dúró dè é. Ó ní bí aago méje bá ti lù, òun ń lọ, ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Àpápá sí Ọ̀ṣódì nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ ò ní dá òun lẹ́bi. Méjì nínú àwọn ọmọ olóògbé wà lọ́hùn-ún tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ò jẹ́ kí wọ́n lè wá sin ìyá wọn. Fídíò yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n máa rí níbẹ̀. Ẹ má sì sọ pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fi dátà ilẹ̀ yìí ta 400 GB sókè òkun, kó kọ́kọ́ lọ ta ilẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà ní ó ku wákàtí mẹ́ta.

Ọ̀gá fídíò ń làágùn. Fọ́tò kan ni èmi wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì lè bi í léèrè mọ́, mo kàn fà sẹ́yìn jókòó. Ẹ mọ Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ di ti gbogbo àdúgbò. Oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yọjú, ó ní háádì náà féèkì ni, kí wọ́n dá a padà fẹ́ni tó tà á. Ẹni tó tà á, nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù, ní háádì òun ò láìsàn, Linux tí wọ́n ń lò ló ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́, òun ní èyí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n kàn fi owó lé e. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà sí i, ó ní ẹ̀mí òkú ò fẹ́ kí fídíò òun kọjá omi. Màmá London wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá fídíò ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì. Ọmọ náà ò tíì ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ, òun ló fi Linux sínú láptọ̀ọ̀pù náà lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan kúrò nínú ìtàn yìí kí n sọ bí Linux ṣe dé ibi tí a wà yìí, kẹ́nikẹ́ni má rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì nìkan ló ń lò ó. Kọ̀ǹpútà tí Òyìnbó ti lò tì, èbúté Tin Can àti ti Àpápá ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé. Lọ́dún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí kan láti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Basel Convention tó wà n'Íbàdàn dúró sí èbúté Èkó, wọ́n ń ṣí kọ̀ǹténà àti mọ́tò tòkunbọ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ alòkù ló ń wọlé lọ́dún kan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì jókòó sínú mọ́tò tòkunbọ̀ bí èrò tí ò sanwó ọkọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n dán wò, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ò ṣiṣẹ́ rárá. Èyí tó bá ṣiṣẹ́ ló ń di ti ẹni bí ọ̀gá fídíò yìí. Windows 11 tó jáde lọ́dún 2021 kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ní àwọn ò tọ́jú Windows 10 mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Linux ò bi wọ́n ní ọjọ́ orí, kò sì gba kọ́bọ̀. Kdenlive, tí ọ̀gá fídíò fi ń gé fídíò rẹ̀ tó sì ń so ó pọ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Torí náà, ẹni tó ní Linux ló ń fa háádì sẹ́yìn parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ irọ́ náà ní òótọ́ díẹ̀ lábẹ́, ẹ ó rí i.

Ọmọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú tábìlì, ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó tẹ lsusb -t. Ìlà bíi mẹ́jọ jáde. Ó fi ìka lé ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí tírélà yín gbà."

480M ló wà níbẹ̀. Nọ́ḿbà yẹn ni bí ọ̀nà tí háádì gbà wọ kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó. 480M, ìyẹn mẹ́gábíìtì 480 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni USB 2.0 tó ti wà láti ọdún 2000. Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo owó àgbèrò tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà kúrò nínú ẹ̀, ohun tó ń kù fún fáìlì yín ò ju 35 MB tàbí 40 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. USB 3.0 jáde lọ́dún 2008, òun ni wọ́n máa ń kọ sí 5000M, ó sì lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Háádì tuntun yìí, SSD ni, USB 3 ló gbọ́. Láptọ̀ọ̀pù náà sì ní ojúhò USB 3. Kí ló wá dé?

Ó yọ ìdí wáyà náà kúrò nínú ojúhò dúdú, ó tì í bọ ti aláwọ̀ búlúù. (Wọ́n kọ́kọ́ dá iṣẹ́ náà dúró o, kẹ́ ẹ má lọ máa já nǹkan gbà lẹ́nu ara wọn. 40 GB tó ti wọlé ò sì ṣòfò, torí rsync ló padà fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn máa ń wo ohun tó ti débẹ̀, yóò sì fo ó kọjá.) Ó tún tẹ àṣẹ náà. 480M. Ó ní bóyá òun rọra tì í jù. Èyí jẹ́ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: tẹ́ ẹ bá ń yọ́ ìdí wáyà USB 3 bọ inú ihò bí ẹni tó ń wọlé ìyàwó lóru, irin mẹ́rin ti USB 2 ló máa kọ́kọ́ kan ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì ti gbà pé USB 2 ló dé. Ẹ tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yọ ọ́, ó tì í wọlé gìrì. 480M.

Ó wá gbé wáyà náà sókè, ó wò ó, ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́. "Wáyà ta nìyí?"

Ọmọ iṣẹ́ wolẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa, wáyà tó bá háádì náà wá nínú páálí rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀dù iná lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ń fi fóònù ọmọ iṣẹ́ ṣáájì! Èyí tó fi so háádì mọ́ kọ̀ǹpútà ni wáyà ṣáájì fóònù tirẹ̀, torí ìdí méjèèjì jọra. Wáyà ṣáájì bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí USB 3 fi ń rìn nínú. Wọ́n á bọ́ sínú ihò kan náà, wọ́n á tan iná, fáìlì á sì máa lọ, ṣùgbọ́n bí ìgbín ni. Ọ̀gá fídíò la ẹnu, kò rí ohun tó máa sọ. "Ẹ má bínú sà" ni ọmọ iṣẹ́ ń wí, ó ti ń yọ fóònù rẹ̀.

Wọ́n pààrọ̀ wáyà. 5000M. rsync bẹ̀rẹ̀, ó ń kó 190 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tó kù nílẹ̀, tó fẹ́ẹ́ jẹ wákàtí mẹ́ta, di ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Màmá London ní kí wọ́n bá òun wá omi tútù.

Ibí yìí ni ìtàn ì bá ti parí, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn ò dìde. Ó ń fi ìka gbá ẹ̀gbẹ́ ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Níwájú 5000M, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Driver=usb-storage. Ó ní kò yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, uas ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí ò kàwé, torí iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ níléèwé gbogboniṣe, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ géètì Tin Can?"

Ta ni ò mọ̀ ọ́n l'Ájégúnlẹ̀? Àwa tá a dàgbà sí agbègbè yìí, tírélà la fi ń mọ ọjọ́.

Ó ní usb-storage ni ọ̀nà àtijọ́, tí wọ́n ṣe ìlànà rẹ̀ lọ́dún 1999. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ nǹkan nínú háádì, á kọ ìwé kékeré kan ránṣẹ́, báìtì 31. Ẹrù á kọjá. Háádì á kọ ìwé ẹ̀rí padà, báìtì 13, pé òun ti gbà á. Ìgbà tí ìwé ẹ̀rí yẹn bá tó dé ni kọ̀ǹpútà tó lè béèrè nǹkan mìíràn. Tírélà kan á wọlé, á já ẹrù, á gba sítáǹpù, á jáde, kí èyí tó tẹ̀ lé e tó lè tan ẹ́ńjìnnì. Uas kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun á gba ọ̀pọ̀ ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan náà, á tò wọ́n, háádì á máa mú èyí tó bá rọrùn fún un, bí èyí bá ń já ẹrù, òmíràn ti wà lẹ́nu géètì, ìwé òmíràn sì ti ń jáde.

Mo rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì jọ mí lójú, torí ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ sí èbúté wa náà nìyẹn. Lọ́dún 1975, nígbà ìjọba Gowon, wọ́n lọ paṣẹ sìmẹ́ńtì tó jẹ́ ìlọ́po ìlọ́po ohun tí èbúté Èkó lè gbà. Ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 ló tò sójú omi, tí wọn ò ríbi sọ̀, tí sìmẹ́ńtì ń dì nínú wọn, tí ìjọba sì ń san owó ìdádúró lórí wọn. Kò sí ọkọ̀ tó falẹ̀ nínú wọn. Ibi tí wọ́n máa sọ̀ ló há. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ Tin Can, wọ́n ṣí i lọ́dún 1977. Ìyẹn ni wáyà tuntun, ọ̀nà tó fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó yá. Èbúté wà, ibi ìsọ̀kalẹ̀ wà, tírélà sì ń sùn láti Mile 2 títí dé Coconut fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awakọ̀ ń dáná lábẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí ètò tó ń sọ ẹni tó kàn. Ìgbà tó di 2021 ni àwọn aláṣẹ èbúté gbé ETO jáde, tí wọ́n ní kí tírélà dúró sí pápá, kí wọ́n máa fi fóònù pè é bó bá kàn án. Mi ò ní í jà lórí bóyá ETO ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ibẹ̀ lẹ mọ̀. Mo kàn ń sọ pé ọ̀nà fífẹ̀ lọ́tọ̀, ètò ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ́tọ̀. Wáyà ni ti àkọ́kọ́. Uas ni ti èkejì.

Kí wá ló dé tí Linux ò fi lo uas fún háádì yìí? Ọmọkùnrin náà tẹ dmesg, ó wá a lọ wá a bọ̀, ó sì rí i. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́, ó kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé "UAS is ignored for this device, using usb-storage instead". Wọ́n ti pàṣẹ fún un pé kó má fi ọ̀nà tó yá gba háádì yìí. Ta ló pàṣẹ? Ó ṣí àpò /etc/modprobe.d. Fáìlì kékeré kan wà níbẹ̀, ìlà kan péré ló wà nínú ẹ̀:

options usb-storage quirks=174c:55aa:u

Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ó wo déètì fáìlì náà. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ borí. Òun ni! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó sì ti gbàgbé. Ẹni tá a ránṣẹ́ pè pé kó wá ṣí géètì, òun gan-an ló fi àgádágodo sí i.

Kì í ṣe pé ó ṣìṣe nígbà náà o. Háádì àgbà kan wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tí ọ̀gá fídíò kó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sí. Àkọ́kọ́ tí wọ́n so ó mọ́ Linux, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó gan, gbogbo rẹ̀ á dúró pa, ọ̀rọ̀ uas_eh_abort_handler á kún ojú dmesg, á sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Uas ti wà nínú Linux láti nǹkan bí ọdún 2010, ó di 2014, nínú kernel 3.15, kí wọ́n tó gbà pé ó ṣeé gbára lé, síbẹ̀ àwọn chip kan wà nínú páálí háádì tí wọ́n sọ pé àwọn mọ uas, tí wọn ò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún irú wọn ju kẹ́ ẹ kọ ìlà yẹn. Lẹ́tà mẹ́rin ìṣáájú ni orúkọ ilé iṣẹ́, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni orúkọ ohun tí wọ́n ṣe, lsusb lásán á fi méjèèjì hàn yín. U tó gbẹ̀yìn ló ń sọ pé kó má lo uas.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé 174c:55aa yìí, ti ilé iṣẹ́ ASMedia, kì í ṣe chip kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ. Chip àtijọ́ tó ń gan àti ti ìgbà tó tẹ̀ lé e tí ò ṣe nǹkan kan, nọ́ḿbà kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra, bí mọ́tò méjì tó ń gbé nọ́ḿbà kan káàkiri ìgboro. Àwọn tó ń kọ Linux fúnra wọn mọ̀ ọ́n; inú kernel, wọ́n ń ka iye ìlà tí chip kọ̀ọ̀kan sọ pé òun lè tò kí wọ́n lè mọ èwo lèwo. Ṣùgbọ́n àgádágodo tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fi, kì í wo ojú. Ó rí nọ́ḿbà, ó ti ilẹ̀kùn. Bí háádì tuntun tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá fídíò ṣe jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ti àgbà orí pẹpẹ nìyẹn.

Ara ọmọkùnrin náà ti yá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àmì # síwájú ìlà yẹn, kí òun tẹ update-initramfs -u, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún un tàn, wọ́n á rí i pé 190 MB yẹn lè di ìlọ́po méjì. Ọ̀gá fídíò ń wo ojú rẹ̀, ó ń wo aago. Ó ṣe é bíi pé kó gbà. Màmá London ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí tó ń lọ yìí, ṣé yóò parí kí n tó lọ?"

"Yóò parí, Mà."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ nígbà náà."

Mo fara mọ́ ti màmá, mo sì rò pé ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà kọ́ là ń fi dán ọ̀nà tuntun wò. Ká ní háádì yẹn gan nígbà tó dé ìdajì, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ó pàdánù. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí usb-storage.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ló kọ 100%. Ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ẹ́ fi ìyára ra ojú rere padà ti na ọwọ́ sí wáyà. Ariwo tí ọmọkùnrin yẹn pa, ẹni tó ń ta búrẹ́dì níta gbọ́ ọ. Mo mọ ìdí, torí ó ti ṣe èmi rí. Mo fa fíláàṣì yọ lọ́jọ́ kan nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ní ó ti parí, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wákàtí kan àti ààbọ̀ tí mo ṣe pẹ̀lú bàbá kan lọ mọ́ ọn, bàbá náà ò sì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́ títí tó fi kú. Linux máa ń kọ́kọ́ kó ẹrù sínú memory, á ní òun ti ṣe tán, bẹ́ẹ̀ apá kan rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì fi sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà tẹ sync. Nínú ojú dúdú kejì, ó ń tẹ grep Dirty /proc/meminfo léraléra, nọ́ḿbà náà sì ń wálẹ̀, ó lé ní gígábáìtì kan, ó di ìdajì.

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́.

Bátìrì láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ náà, ẹ má ṣèṣẹ̀ bi mí. Ọ̀gá fídíò sáré jáde, ó gbé jẹnẹrétọ̀ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, kí epo tó kù sísàlẹ̀ lè ṣàn síbi tó yẹ. Nọ́ḿbà náà dé 200 MB. Ó dé 60. Sync dákẹ́, àmì ìtẹ̀wé padà jáde. Wọ́n yọ háádì náà kúrò bó ṣe yẹ, màmá fi gèlè kan dì í, ó kì í sáàárín aṣọ nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe inú àpótí ńlá. Mọ́tò rẹ̀ ti kọjá Sunrise kí jẹnẹrétọ̀ tó kú.

Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí ó wù mí kí n mọ bí uas yóò ṣe ṣe. Ọ̀gá fídíò ti ra irú háádì kan náà fún ara rẹ̀. Wọ́n mú ìlà yẹn kúrò, wọ́n tún kọ̀ǹpútà tàn, wọ́n da 50 GB sínú ẹ̀, wọ́n sì fi sha256sum wò ó bóyá ohun tó wọlé ni ohun tó jáde. Ó yá dé 370 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì sí ohun tó yingin nínú fáìlì. Wọ́n wá so àgbà orí pẹpẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò kó tó gan. Ká má sì parọ́, ká tiẹ̀ ní kò gan, kò ní jèrè nǹkan gidi, torí háádì tó ń yí bí rẹ́kọ́ọ̀dù ni, 100 MB ló ń tiraka fún, géètì tó wù kẹ́ ẹ ṣí fún un.

Nọ́ḿbà kan náà, ẹ rántí. Tí wọ́n bá ṣí i fún ọ̀dọ́, wọ́n ti ṣí i fún àgbà. Ọmọkùnrin náà ní kí wọ́n ra páálí mìíràn tó ní chip mìíràn fún àgbà náà. Ọ̀gá fídíò ní owó ìyẹn di oṣù tó ń bọ̀. Mo ní ṣé kò ní í dùn ún pé ó ń lo ìdajì ìyára háádì tó fi owó gidi rà? Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá oníròyìn, ìgbéyàwó àwọn èèyàn ló wà nínú ìyẹn, ìsọmọlórúkọ ọmọ tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì wà níbẹ̀. Ṣé torí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni n ó ṣe fi ọdún mẹ́wàá tàfàlà?" Ó ní kí ọmọkùnrin náà dá ìlà yẹn padà. Alaalẹ́ ló ń kó iṣẹ́ inú àgbà náà sínú tuntun díẹ̀díẹ̀, ó ti dé ọdún kẹta nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ tó bá kó o tán, wọ́n á pa ìlà yẹn rẹ́.

Lára wáyà háádì tuntun náà, ó so òwú pupa kan mọ́ ọn, ó sì fi bírò kọ̀wé sára páálí kékeré tó so mọ́ òwú náà: ÈYÍ KÌ Í ṢE TI FÓÒNÙ. Ọmọ iṣẹ́ ló ní kó kọ ọ́.